Ọjọ́ Méje Lábẹ́ Ọkọ̀

Bí ẹ bá wá alágídí dé Kútọnu lọ́dún 1952, ẹ kì bá tí rìn jìnnà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Dúrótoyè. Télọ̀ ni mí, Mùílíù lorúkọ mi, ará Abẹ́òkúta tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé Dàhòmì. Awakọ̀ ni òun, ọmọ Kétu. Fèrèsé tí mo gbé máṣíìnì mi sí kọjú sí àgbàlá rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ṣe lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tí ojú mi ò tó. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n rò ó fún mi ni.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ọkọ̀ ẹrù àwọn sójà ni, kàmíyọ́ọ̀nù lẹ́nu àwọn ará Dàhòmì, èyí tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn jọ ń fà, tí àwọn Faransé tà ní gbàǹjo lẹ́yìn ogun. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Dúrótoyè ní ọkọ̀ wíwà nígbà ogun ní aṣálẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ fún ọ, ìwọ nìkan ni wàá wọ abẹ́ rẹ̀, ìwọ nìkan ni wàá jáde. Ìwà yìí ló gbé bọ̀ wálé. Kò gba ọmọṣẹ́, kò ní alábàáṣiṣẹ́. Ẹni méjì ló bá a ṣe é rí. Ó lé ọ̀kan torí pé ó di nọ́ọ̀tì kan tí kò padà lọ fọwọ́ kàn án wò. Èkejì ò dúró kí wọ́n lé òun.

Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ bí a ṣe ń bá a gbé. Bó bá ń tún ọkọ̀ ṣe, obìnrin náà á jókòó sókè, á máa yí sítíárì sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá ṣe ní kó yí i, wọn á sì máa tàkurọ̀sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́ ọkọ̀. Oṣù mẹ́ta ṣáájú àkókò tí mò ń wí yìí ló lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kétu láti lọ bí àkọ́bí wọn. Láti ìgbà náà, àgbàlá yẹn dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ohùn Dúrótoyè lábẹ́ ọkọ̀, á béèrè nǹkan, á dúró díẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó máa ń ṣe mí bákan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kan, oníṣòwò kan tó wọ rélùwéè bọ̀ láti Pọ̀bẹ̀ wá jíṣẹ́ pé Ìdíátù ti bímọ lánàá, obìnrin ni, tìyátọmọ wà ní àlàáfíà. Àárọ̀ Àlàrùbá tó ń bọ̀ ni wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àna ní bàbá ọmọ ni kó wá gbé ọmọ rẹ̀ síwájú Lèmọ́mù, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ tó fẹ́.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti fún onítọ̀hún lómi mu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń kó àgbọn bọ̀ láti ọ̀nà Wídà, ó sì já sí kòtò lẹ́yìn Godomey. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ iwájú ọkọ̀, àwọn ló máa ń gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà. Èyí tó gùn jù nínú wọn ṣẹ́ sí méjì. Ọ̀pá ńlá tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ sì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ níhà òsì. Bí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀ náà, ńṣe ni táyà kan ń wo òkun, tí èkejì ń wo ọ̀sà.

Mo sọ fún un pé kó wọ rélùwéè. Rélùwéè ń lọ sí Pọ̀bẹ̀, kò sì ṣòro láti rí ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Kétu. Ó ní rárá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, orí àpò àgbàdo nínú ọkọ̀ olọ́kọ̀ ló jókòó dé ilé àna, ẹ̀gbọ́n ìyàwó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ènìyàn pé awakọ̀ tí kò lọ́kọ̀ ti dé. Ó búra lọ́jọ́ náà pé òun ò tún ní wọ ilé yẹn láìjẹ́ pé ọkọ̀ òun ló gbé òun dé. Mo ní ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ò mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Godomey, níbi tí òkú ọkọ̀ sójà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó tú irin pẹlẹbẹ kan lára rẹ̀, ó sì rù ú bọ̀. Irin ọ̀hún gùn ju èyí tó ṣẹ́ lọ. Ó fi ayùn irin gé e, ó wá gbé e lé orí kùkùté, ó ń fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe tẹ̀. Kò jẹ́ kí iná kàn án. Ó ní bí iná bá ti kàn án, kò ní lágbára mọ́.

Sátidé ló dé ibi tó le. Yanrìn ni ilẹ̀ Kútọnu. Bí o bá gbé jáàkì sórí rẹ̀, jáàkì ni yóò wọlẹ̀, ọkọ̀ ò ní gbéra. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i: wọn á to igi ojú irin rélùwéè sábẹ́ ọkọ̀ kó lè gbé e dúró, wọn á wá wa yanrìn kúrò lábẹ́ táyà títí táyà yóò fi máa rọ̀ dirodiro. Dúrótoyè wa tirẹ̀. Ihò náà ò tíì jìn dé orúnkún tí omi fi ń sun sínú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sínú omi náà, ó ń tú bóòtù.

Èmi fúnra mi dìde. Mo wọ ṣòkòtò tó ti gbó, mo lọ bá a pé kó jẹ́ kí n máa bá a gbọ́n omi. Ó yọjú lábẹ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ máa ránṣọ yín,” ló sọ fún mi. “Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án, màá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì ni.”

Inú bí mi, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Mo padà sídìí máṣíìnì mi, mo sì pinnu pé n kò ní wo ojú fèrèsé yẹn mọ́. Irọ́ ni, mo ń wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó to àwọn irin náà padà, ó sì rí i pé bóòtù tó gba àárín wọn kọjá jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ lórí ọ̀pá ńlá, kí ọ̀pá má baà tún yẹ̀. Lọ́jọ́ Àtíní, ó tú oríkèé táyà, níbi tí táyà ti máa ń yí. Gírísì inú rẹ̀ àti yanrìn ti pò pọ̀ di ẹrẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ àwọn ọta irin kéékèèké tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sórí àpò, ó kà wọ́n, ó tún kà wọ́n. Kò sẹ́ni tó wá kí i. Gààrí ló ń mu láàárọ̀, gààrí ló ń mu lálẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á jókòó sórí igi, á máa wo àga awakọ̀ tó ṣófo. N kì í ṣe ẹni tó ń tètè káàánú ènìyàn, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tó di ọ̀sán Àtàlátà, gbogbo rẹ̀ ti parí àfi nǹkan kan: kí táyà iwájú méjèèjì kọjú síbì kan náà. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á di sítíárì mú gbọin lókè, ẹnì kejì á ta okùn láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, á wá máa yí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń darí wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi gún. Bí ẹni méjì bá wà níbẹ̀, kò gba ìdajì wákàtí. Ó fẹ́ gbéra kí oòrùn tó wọ̀, kó sùn ní Pọ̀bẹ̀, kó sì wọ Kétu ní àárọ̀ kùtù.

Ó wá sẹ́nu ọ̀nà mi. N kò rí i kó bẹ ènìyàn rí. Ńṣe ló dúró, tó ń wolẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di sítíárì kàmíyọ́ọ̀nù mi mú. Kò ní pẹ́.”

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ṣì wà nínú mi. Mo dá a lóhùn pé mo ní aṣọ oníbàárà tí mo fẹ́ parí. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì padà. Kí n má purọ́, ẹni tó ni aṣọ náà ò wá gbà á títí oṣù fi parí.

Mo ń wò ó. Ó fi okùn so sítíárì mọ́ ìdí àga, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Bó bá ti fi sípánà kan ọ̀pá, okùn á dẹ̀, sítíárì á yí. Á jáde, á gòkè, á tún un so. N kò lè ka iye ìgbà tó gòkè tó sọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde láti lọ bá a, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún jókòó. Mo ń dúró kó tún pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò rí okùn mọ́. Àárọ̀ Àlàrùbá ló tó parí rẹ̀, oòrùn sì ti ń mú nígbà tó gbéra. Ọkọ̀ náà lọ tààrà sọ́nà afárá, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Lọ́jọ́ kejì ló padà dé, òun nìkan. Mo lọ kí i kú ewu ọmọ kó tó bọ́ sílẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ròyìn fún mi. Ọkọ̀ náà ò fún un ní wàhálà kankan láti Kútọnu títí dé Kétu. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ ìlú, ó pàdé bàbá arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́ níbi tí ọ̀nà ti tóóró, ó rọra yà sínú koríko fún un, wọ́n sì kíra wọn. Lèmọ́mù ni. Wọ́n ti ń dúró de bàbá ọmọ láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n kírun ọ̀sán tán, Lèmọ́mù ní òun ò lè dúró mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí, ló gbé ọmọ síwájú, òun náà ló sì sọ orúkọ. Ìkòkò ni wọ́n ń fọ̀ nígbà tí Dúrótoyè wa ọkọ̀ wọ agbo ilé. Kò sẹ́ni tó wo ọkọ̀ náà.

Ìdíátù ò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo ló bi í: ṣé rélùwéè ò ṣiṣẹ́ ni?

Mo béèrè orúkọ ọmọ. Ó ní, “Wọ́n ní Safurat ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo ní, “Dúrótoyè, èmi ni mo fà á. Ìdajì wákàtí lo béèrè lọ́wọ́ mi.”

Ó mi orí. Ó ní kì í ṣe èmi, pé mo ti wá fúnra mi ní Sátidé, òun ló lé mi.

“Kì í ṣe orúkọ ló ń dùn mí jù, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbé e wá bá mi, wọ́n ní kí n gbà á. Aṣọ funfun ló wà lára rẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi, gírísì ni látòkè délẹ̀. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi yanrìn bó o, kò lọ. Mo ní kí wọ́n gbé e padà fún ìyá rẹ̀.”

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n wò wọ́n. Mo jókòó tì í níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun.