Lẹ́tà tí Àwọn Àgbà Ìkòyí-Ilé Dá Padà

Ọdún tí mo ti fi ń kọ́ni ní ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ní Ọ̀yọ́ pọ̀ ju ọjọ́ orí àwọn kan tí ń pàṣẹ fún mi lọ. Síbẹ̀, iṣẹ́ mi kò ní ẹ̀ka tirẹ̀. Bí ọmọ òrukàn ni wọ́n ń gbé e kiri: lónìí lábẹ́ ẹ̀ka èdè, lọ́la lábẹ́ ilé-ìkàwé. Ẹ̀ka tí yóò máa fúnni ní oyè ẹ̀kọ́ ni mo bèèrè.

Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa tó ń dá ẹ̀ka sílẹ̀ pè mí sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń jókòó, pé kí n wá ṣàlàyé. Alága, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, kò jẹ́ kí n parí.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ta ni kò lè kọ lẹ́tà? Ta ni kò lẹ́nu? Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń tún ìwé àpilẹ̀kọ wọn ṣe! Ó dùn mí wọ eegun.

Oṣù kan kò tíì pé tí ọkọ̀ alága fi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Ilé-ẹ̀kọ́ ń tọrọ ilẹ̀ oko ní Ìkòyí-Ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà, àwọn àgbà sì dá a padà. Mo ka ìparí rẹ̀: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú fún ilẹ̀ náà.”

“Kí ni wọ́n wí?”

Ó fọwọ́ ra orí. “Wọ́n ní ẹni tó ti dúpẹ́ ti gba nǹkan. Wọ́n ní àwọn ò rántí ọjọ́ tí àwọn fún wa nílẹ̀, àfi tí a bá ti jí i.”

Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ará Ìkòyí, ọmọ jagunjagun, ni ọ̀mọ̀wé yìí sì lọ sọ ohùn burúkú tirẹ̀ sí!

“Ta ni kò lè kọ lẹ́tà, àbí?”

“Bàbá, ẹ ṣàánú mi.”

Mo tún lẹ́tà náà kọ. Mo fi ìkíni ṣíwájú ẹ̀bẹ̀, mo sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni í títí dé gbólóhùn ìkẹyìn. Lókè ìwé, níbi tí a ti ń sọ ibi tí lẹ́tà ti wá, mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkọ àti Ọ̀rọ̀ Sísọ.

“Bàbá, ẹ̀ka yìí ò sí.”

“Bí kò bá sí, lẹ́tà rẹ̀ náà kò sí. Dá a padà fún mi.”

Ó fa kálámù yọ lápò. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà fún ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀. Èsì dé sí ẹ̀ka tí kò sí. Akọ̀wé kò mọ yàrá tí yóò gbé e lọ, ó gbé e wá fún mi. Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni n ó ṣàlàyé: alága ni yóò sọ ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé lábẹ́ orúkọ ẹ̀ka náà.