Ẹwà Tí Wọ́n Nu Àmì Rẹ̀ Nù

Ní ọ̀sán tó kẹ́yìn fún àwa méjèèjì, ìyàwó mi ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha làálì gbígbẹ kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó wo pátákó tí mo gbé dé láti ibi iṣẹ́ mi ní Jẹ́dà, níbi tí a ti ń tẹ pátákó ìpolówó.

“Olówó orí mi, àwọn lẹ́tà yìí mà wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ o!”

Kò parọ́. Irú lẹ́tà náà sanra. Ó fún díẹ̀ ní àárín, ó sì ń fẹ̀ bọ̀ ní orí àti ní ẹsẹ̀, láìsí ìlà tín-ínrín tí lẹ́tà ìwé ìròyìn máa ń wọ̀ bíi bàtà. Bí a bá fi tẹ ìwé gígùn, ojú á ti rẹ òǹkàwé kó tó dé ìsàlẹ̀ ojú-ewé. Ṣùgbọ́n fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lára ìgò lọ́fínńdà tàbí lókè ilẹ̀kùn, ó dà bí ẹni tó mọ̀ pé òun lẹ́wà. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Ìyàwó mi ń kun làálì fún àwọn obìnrin ní yàrá wa ní Kudai, ní Mẹ́kà, ó sì fẹ́ kí àwọn Àlàájà mọ ibẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé lẹ́yìn Hájì. Ọ̀rọ̀ kan ló ní kí n kọ: ẸWÀ.

Ẹni tó ya irú lẹ́tà náà kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi àmì sábẹ́ Ẹ, tí mo sì gbé àmì ohùn lé À. Mo jẹ́ kí àwọn náà fẹ̀ ní etí, kí wọ́n lè jọ ẹbí. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí wọn, ó nu méjèèjì nù.

“Yà ustáàsì,” ó ń rẹ́rìn-ín, “mo ti bá ọ fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀.”

Lárúbáwá ló fi sọ ọ́, èdè tó jẹ́ pé bí àmì kíún kan bá sún láti abẹ́ lẹ́tà bọ́ sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí. Àyè àtiṣe òmíràn kò sí. Mo gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kọ́ tán ni Àlàájà kan kan ilẹ̀kùn, abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀wà yín dà?”

“Àlàájà, ẹwà ni, kì í ṣe ẹ̀wà. Làálì ni mò ń kùn.”

“Ebi làálì kọ́ ló ń pa mí, ọmọ mi.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu ìrẹsì wa fún un.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọkàn ìyàwó mi ti dúró. A kírun sí i lára ní Mọ́sálásí Haram, a sì sin ín sí itẹ́ òkú tí wọn kì í kọ orúkọ sójú oórì. Èmi tí mo ń fi lẹ́tà jẹun, n kò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Àwọn tó ń wá ẹ̀wà kò dẹ́kun. Láti ojú fèrèsé ni mo ti máa ń mi orí fún wọn. Ìyẹn rọrùn, nítorí òótọ́ ni pé n kò ní ẹ̀wà. Nígbà tó sú mi, mo fi ọ̀dà kun àwọn àmì náà padà sí ipò wọn. Àwọn alábọ́ kò wá mọ́. Obìnrin tó kan ilẹ̀kùn tẹ̀ lé wọn kò gbé nǹkan kan dání.

“Ẹ káàsán, sà. Màmá onílàálì ńkọ́?”

Àwọn ọ̀rẹ́ ló ti ń bá mi sọ ikú rẹ̀ fún gbogbo èèyàn títí di ìgbà náà, kò sì sí ìkankan nínú wọn nílé. Mo ṣí ilẹ̀kùn tán. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ti kú.