Ṣaworo Inú Gìtá Verdie

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Bùrọ̀dá Orbin. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irọ́ ló pa. Olóríkunkun paraku ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi wa èédú lábẹ́ òkè Kentucky wa níbí. Òun jáde nínú ihò èédú, ṣùgbọ́n èédú kò jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Tó bá ń mí, láti ojú ọ̀nà lẹ ó ti gbọ́ ọ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun òkè mọ́. Bùrọ̀dá ní kí lọmọ ará ìlú ńlá mọ̀ nípa òkè?

Verdie, ẹ̀gbọ́n mi, ló ni gìtá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bàbá wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án fún un, ó sì ju ṣaworo ìrù ejò sínú rẹ̀, ti ejò oníṣaworo kan tó pa lẹ́yìn ilé wa, irú ejò tí egungun ìdí ìrù rẹ̀ máa ń dún bíi ṣaworo. Gbogbo àgbà ibí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní eku kì í wọnú gìtá tó bá ní ṣaworo, àti pé ohùn rẹ̀ á máa dùn sí i. Tí Verdie bá kọrin tán, tó ń gbé gìtá sílẹ̀, a ó gbọ́ ṣaworo náà nínú rẹ̀: ṣìkìṣìkì. Ìgbà yẹn la tó máa ń mọ̀ pé orin ti parí.

Verdie kú nígbà tí yìnyín ṣì bo ilẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó lọ, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú níṣojú mi.

"Orbin, tó bá di Sọ́ńdè Òdòdó, fi gìtá mi ta orin kan fún mi lórí òkè. Kí gbogbo wọn gbọ́ o."

"Wọ́n á gbọ́," ló dá a lóhùn.

Sọ́ńdè Òdòdó ni ọjọ́ tí a máa ń gun òkè lọ sí itẹ́ òkú lóṣù karùn-ún, tí a ó ro ibojì àwọn èèyàn wa, tí a ó to òdòdó sí i, tí a ó kọrin, tí a ó sì jẹun lórí koríko. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Agbára ò sì sí ní ìka Bùrọ̀dá Orbin mọ́. Tó bá ta gìtá lásán, ẹni tó jókòó tì í ni yóò gbọ́. Ẹ̀rọ agbóhùn inú gìtá náà, èyí tó ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sínú sípíkà, ti kú fin-ín-fin-ín. Mo ní kó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe nígboro.

"Kí àjèjì máa ti ọwọ́ bọ inú gìtá Verdie? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ó ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ohun roboto mẹ́ta ni, kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, pẹ̀lú wáyà tín-ínrín. Inú gìtá la ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, lábẹ́ igi tí okùn gùn lé.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè Òdòdó ló tó ṣe é, lórí tábìlì ìdáná, bí mo ṣe ń se ẹ̀wà. Ó tú okùn, ó fa wáyà àtijọ́ jáde, ó wá ń fi fáìlì roboto tí a fi ń ha igi fẹ ihò ìdí gìtá díẹ̀díẹ̀ kí ìdí wáyà tuntun lè gba ibẹ̀ jáde. Tó bá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á dúró mí. Nígbà tó kan kó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ awakùsà kò wọlé.

"Arvella, wá. Ọwọ́ tìẹ tín-ínrín."

"Ọwọ́ mi tín-ínrín lónìí? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́ mi wúwo sí iyọ̀ lánàá?"

"Ọwọ́ ni mo pè, mi ò pe ẹnu. Tì í bọ̀ ọ́, jàre."

Mo ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ó ní ohun gbogbo tó bá kan igi gìtá ni ẹ̀rọ yìí máa ń gbọ́, kí a kó ohunkóhun tí kò bá dúró gírí kúrò nínú rẹ̀, kí a nu ibẹ̀ dáadáa. Ikọ́ gbé Bùrọ̀dá Orbin, ó sì bọ́ síta. Mo ti ọwọ́ bọ inú gìtá, ìka mi sì kan ṣaworo náà, ó gbẹ, ó fúyẹ́.

Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí mi. Mo kàn rò ó pé, bó bá wá bẹ̀rẹ̀ ariwo láàárín orin Verdie lọ́la ńkọ́, níwájú gbogbo ìjọ? Mo kó o pọ̀ mọ́ eruku, mo ṣí ààrò, mo dà á síná. Mo rò pé mo ń ran ọkùnrin náà lọ́wọ́ ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ó wọlé padà, mo lẹ ohun roboto mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà bó ṣe ń júwe fún mi, mo fi ìka tẹ̀ wọ́n mọ́ igi títí apá mi fi kú. Ó so okùn, ó ki wáyà bọ sípíkà kékeré, ó ta okùn kan. Ha! Ohùn náà kún ìdáná. Bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ha gìtá, sípíkà sì dá a lóhùn: kùrùrù! Ó rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí Verdie ti kú, mi ò rí eyín rẹ̀ rí.

Ló bá gbé gìtá sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, ó mì í. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Arvella, ṣaworo dà?"

Mi ò lè purọ́ fún un. "Mo ti dà á sínú ààrò, Bùrọ̀dá. Mo rò pé yóò da orin rú ni."

Ó rìn lọ síbẹ̀, ó ṣí ààrò, ó ń wo iná náà títí.

"Ẹ̀rọ àtijọ́ kì í gbọ́ ọ," ló wí. "Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wá èyí tó ń gbọ́ ohun gbogbo. Tí mo bá ta orin tán lọ́la, tí mo bá ń gbé e sílẹ̀, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ. Ohun tí Verdie ní kí n ṣe nìyẹn."

Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Kò bú mi. Mo bu ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló sinmi kí a tó dé orí òkè. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá ibojì Verdie, ó ki wáyà bọ sípíkà tí a gbé wá, ó ta gìtá, àwa ń kọrin. Ohùn gìtá náà dé ọ̀nà ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń kọjá dá ọkọ̀ dúró. Mo ń sunkún, mo ń kọrin.

Orin parí. Kò gbé gìtá sílẹ̀. Ó gbá a mọ́ àyà, ó tẹrí ba. Gbogbo ìjọ dákẹ́. Ìgbà náà la gbọ́ ọ nínú sípíkà: ṣìkì, ṣìkì, ṣìkì. Mo rò pé ṣaworo Verdie ti padà wá.

Àyà rẹ̀ ni. Èédú inú àyà rẹ̀ ló ń dún mọ́ igi gìtá bó ṣe ń mí, tí ẹ̀rọ náà ń gbé e fún gbogbo òkè gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè dìde lọ pa sípíkà náà. Òun náà gbọ́ ọ. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Arvella, bá mi gbé e sílẹ̀."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo rọra gbé e lé orí koríko. A tẹ́tí, a ò gbọ́ nǹkan kan.