Páásíwọ̀ọ̀dù Tí Ìyàwó Mi Kò Fẹ́ Gbọ́

Ìyá mi máa ń sọ pé ìtọpinpin mi ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Bí mo bá rí ohun tó ní ìdérí, àfi kí n ṣí i wò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan nílé wa ní Ìgbògbò, mo ń gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá mo fẹ́ kó yí gbogbo ohun inú dísíìkì padà di rúdurùdu tí ẹni tí kò ní páásíwọ̀ọ̀dù kò ní lè kà. Kíá ni mo gbà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté lọ síbi iṣẹ́. Bí olè bá jí i, irin lásán ni kó jí.

Mo fi ọjọ́ ìgbéyàwó wa ṣe páásíwọ̀ọ̀dù. Ẹ̀rọ náà kìlọ̀ pé bí páásíwọ̀ọ̀dù náà bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́, àní èmi pàápàá. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò àwọn ọmọ àti ìwé ilẹ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ máa wà. Bí mi ò bá sí ńkọ́? Mo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́ ọ.

Ó fọwọ́ di etí. "Dádì, ogún lẹ fẹ́ máa pín lójú mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ta ló ní mo fẹ́ kú?"

"Ẹ fi ohun tí mi ò lè gbàgbé láéláé sí i. Ẹ má sọ ọ́, màá mọ̀ ọ́n."

"Ohun tí mo fi sí i náà nìyẹn," ni mo wí, inú mi sì ń dùn.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà tún tàn, tó ń béèrè páásíwọ̀ọ̀dù, mo tì í síwájú ìyàwó mi. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó rọra tún un tẹ̀. Kò ṣí. Inú bí mi.

"O gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó wa!"

"Mi ò gbàgbé. Òun kọ́ ni mo rò."

"Kí lo wá tẹ̀?"

Ó dárúkọ ọkùnrin kan tí mi ò gbọ́ rí.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àkọ́bí wa."

Ọmọ náà kò pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé, a ò sì sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àgbà ní ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, a ò sì sọ ọ́. Àṣé ìyàwó mi ti dá sọ ọ́ lórúkọ nínú ọkàn rẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún orúkọ náà pè, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ mi.