Ìlà Kan Tí Alálàá Fò

Alálàá là ń pe àbúrò mi obìnrin nílé, torí ó lè bu omi sínú ife kó gbàgbé láti mu ún, kó máa wo ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lójú omi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi nìkan ni mo láṣẹ.

Òun ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn ojú. Ètò yìí ló ń kan ilẹ̀kùn dátábéèsì, àpò àkọsílẹ̀ níbi tí orúkọ àwọn aláìsàn wà, oníkálukú lórí ìlà tirẹ̀. Tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ilẹ̀kùn á ṣí, á béèrè ohun tó fẹ́, ìdáhùn á sì dé. Àbúrò mi ní òun máa ń gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń kí ara wọn. Mo ní kó lọ sùn.

Màmá wa náà wà lórí ìlà kan níbẹ̀. Nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú wọn, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wọn sì jìnnà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n fẹ́ gbé ife tíì sórí tábìlì, wọ́n gbé e sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oòrùn ń rọra wọlé gba ara kọ́tìnnì ọ́fíìsì, àwọn tó kù ti lọ jẹun. Ó kọ àṣẹ kékeré kan sí dátábéèsì: sọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ di ọ̀la. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló yẹ kó sọ pé ti ta ni. Ọkàn ẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Màmá, kò kọ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Dátábéèsì kì í bi èèyàn pé ṣé orí ẹ pé. Nígbà tó béèrè ọjọ́ Màmá, ọ̀la ló bá. Ó wo ìsàlẹ̀: awakọ̀, tísà, ọmọ ọwọ́, ọ̀la ni gbogbo wọn. Ó ní òun fojú inú rí wọn lójú pópó ní ìdájí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, Màmá láàárín wọn, ilẹ̀ sì ń mọ́ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wò wọ́n títí.

Ṣùgbọ́n dókítà kan ṣoṣo ló wà. Orí kó o yọ: àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ̀ kì í fi òǹtẹ̀ lu àyípadà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ṣì lè dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó dá a padà. Ó kù kó tún àṣẹ náà kọ, kó fi ìlà tó fò sí i, orúkọ Màmá nìkan. Ó ní àwọn tó ń rìn lójú pópó dúró, wọ́n ń wo òun. Ó pa kọ̀ǹpútà.

Nírọ̀lẹ́ ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún Màmá, títí kan àwọn tó rí lójú pópó. Inú bí mi. "Ìwọ ọmọ yìí! Ọwọ́ ẹ ti tó o, o tún fi sílẹ̀?"

Màmá ń fọwọ́ wá ojú àbúrò mi títí wọ́n fi rí i.

"Gbogbo wa pátá lo fi sí ọ̀la?"

"Gbogbo yín, Màmá."

"Ó mà dáa o. Jókòó, ọmọ mi. Báwo la ṣe rí lójú ọ̀nà yẹn?"

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn. Èmi ni mo bú sẹ́kún.