Àlàájà Ló Kọ́kọ́ Pè Wá Ní Tọkọtaya

Òórùn oúnjẹ adìyẹ kì í kúrò lára aṣọ mi nígbà náà: àgbàdo lílọ̀, sóyà àti ẹja gbígbẹ. Bó ti wù kí n fín lọ́fínńdà tó, ó ṣì máa ń yọjú. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ló gbà mí síṣẹ́ ní ẹ̀ka wọn tó wà ní Mọ́níyà, kò sì tíì pẹ́ tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti jókòó sídìí tábìlì yẹn ni mo ti pinnu pé ọ̀gá ni mo máa dà. Mo máa ń wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn Mọ́níyà. Mo máa ń wọ bàtà gogoro lórí erùpẹ̀ pupa, bí ẹni pé wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dè mí. Ẹnì kan ti sọ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá fẹ́ ga lẹ́nu iṣẹ́ kì í rẹ́rìn-ín jù, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn. Bí àwọn tó kù nínú ọ́fíìsì bá ń rẹ́rìn-ín, èmi á tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, kódà bí kò bá sí nǹkan kan lójú ẹ̀.

Ẹni tó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín náà ló jókòó kọjú sí mi. Ọmọ Lálúpọn ni, a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásìkò kan náà ni. Ó máa ń jẹ àgbàdo sísun nídìí iṣẹ́, àwọn ọlọ́kadà mọ orúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà tó bá wọlé á kọjá lára mi lọ bá a. Èyí máa ń dùn mí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ. "Ọ̀gá" ló máa ń pè mí. Á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun," láìgbójú sókè. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀wọ̀ ló wà láàárín wa ṣá, mo ń pè é ní "ẹ̀yin," òun náà ń pè mí ní "ẹ̀yin."

Nígbà tó yá, wọ́n ní ọ̀gá ẹ̀ka wa ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n ránṣẹ́ wá láti olú iléeṣẹ́ l'Ékòó pé nínú àwa méjèèjì ni wọ́n ti máa mú ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀, àti pé ẹni tó bá lè mú àwọn olóko ńlá wọlé ni wọ́n máa wò. Gbogbo wa la mọ oko tó tóbi jù. Abúlé kan lápá Akínyẹlé ló wà, obìnrin kan tá à ń pè ní Àlàájà ló ni ín. Kò sí iléeṣẹ́ tí kò tíì lọ bẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ló lé padà.

Mo tètè jí lọ́jọ́ Tọ́sìdeé kan, mo gun ọ̀kadà, mo fọwọ́ bo irun mi nítorí eruku. Ìgbà tí mo dé oko náà, akẹgbẹ́ mi ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú Àlàájà, wọ́n jọ ń jẹ àgbọn. Mo ṣe bí ẹni pé kò yà mí lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo kí ìyá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé oúnjẹ adìyẹ wa látòkèdélẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ sórí. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí òjò fi dé, òjò ńlá tó ń ró pàpàpà lórí páànù. Gbogbo wa sáré wọ pálọ̀. Láìpẹ́, Àlàájà gbé abọ́ kan jáde, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, ó sì gbé e síwájú àwa méjèèjì.

Ó ní, "Ẹ súnmọ́ra, kẹ́ ẹ jẹun. Tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀! Ó wù mí púpọ̀."

Mo la ẹnu pé kí n sọ pé a ò fẹ́ra. Mo rántí ipò ọ̀gá, mo pa ẹnu dé. Mo wo akẹgbẹ́ mi pé kó sọ ọ́, ó ń fọwọ́ ní tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á bù sí i."

Àlàájà yíjú sí mi. "Ìyàwó, o ò jẹun? Àbí ẹ jà lójú ọ̀nà ni?"

"Rárá o, mà," ni mo sọ, mo bá gé mọ́ínmọ́ín.

Kí òjò tó dá, ìyá náà ti gbà láti máa ra oúnjẹ wa. Àmọ́ ó ní àwa méjèèjì ni ká máa jọ wá, ní gbogbo Tọ́sìdeé. Òun ò fẹ́ràn kí ọkọ máa lọ níhìn-ín kí ìyàwó máa lọ lọ́hùn-ún. Ọ̀kadà kan ṣoṣo la rí gbé kúrò lábúlé lọ́jọ́ náà. Mo pariwo sí i létí láti ẹ̀yìn pé kí ló dé tí kò fi sọ òótọ́ fún ìyá. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣebí ẹ lẹ́nu."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ó máa jiyàn láti Mọ́níyà títí dé ẹnu ọ̀nà oko, bí a bá ti wọlé, ojú wa á tutù bíi ti ẹni tó jọ jí. Àlàájà á fà mí sí kọ̀rọ̀, á gbà mí nímọ̀ràn: "Má máa ranjú mọ́ ọkọ ẹ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọmọ dáadáa ni." Èmi á ní mo ti gbọ́, mà.

Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ kan, àwọn adìyẹ bá tú jáde. Gbogbo ayé ń sáré. Bàtà mi kán síbi tí mo ti ń lé ọ̀kan, inú wá bí mi, mo bọ́ kóòtù mi, mo jù ú bò ó bí ẹni da àwọ̀n. Akẹgbẹ́ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń jáde lójú ẹ̀. Mo kígbe, "Ìwọ yìí, dìde níbẹ̀, wá bá mi mú adìyẹ!"

Ẹ̀rín ẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ pè mí ní 'ìwọ'?"

Èmi náà gbọ́ ọ. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu mi, mo sì rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Tọ́sìdeé kì í tètè dé mọ́. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló ń yá mi lára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà dá mi dúbúlẹ̀. Akẹgbẹ́ mi nìkan ló lọ sóko lọ́sẹ̀ náà. Ìgbà tí Àlàájà bi í léèrè mi, ó dáhùn bó ṣe rí: ara mi ò yá, mi ò lè jẹun, mo sì ń bì. Kò ro nǹkan kan sí i. Àlàájà ro tiẹ̀.

Ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́ ni ọ̀gá àgbà dé láti Èkó láti wá yan ẹni tó máa gbapò. Mo ti kọ́ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè sórí. Bí a ṣe jókòó níwájú ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ dání, ó ń ṣàdúrà bọ̀: "Ìyàwó wa dà? A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!"

Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní, "Ta ni ọkọ?" Àlàájà nawọ́ sí akẹgbẹ́ mi. Ọ̀gá àgbà ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé òfin wa ò gba kí tọkọtaya wà ní ẹ̀ka kan náà?"

Mo rí ipò náà tó ń lọ. Mo dìde. "A ò fẹ́ra, sà. Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibà ló ṣe mí."

Ìyá náà rọra gbé abọ́ kalẹ̀. Ó wo akẹgbẹ́ mi. "Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà," ló sọ. Ó ń wo ilẹ̀. "Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Bí ẹ ṣe ń pè wá bẹ́ẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi."

Mi ò kọ́ ìdáhùn ìyẹn sórí. Ọ̀gá àgbà ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní ta gan-an ló mú Àlàájà wọlé nínú àwa méjèèjì. Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Mo ní, "Òun ni, sà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí n tó dé."

Ó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Àgbọn lèmi ń jẹ. Àwọn ni wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ adìyẹ."

Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí wọn? Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ra, ṣé ẹ máa gbà wọ́n gbọ́?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá àgbà náà rẹ́rìn-ín.

Èmi ni wọ́n fi jọ̀gá. Ọ̀gá àgbà ní ká má bàa rú òfin lọ́la, wọ́n bá gbé akẹgbẹ́ mi lọ sí ẹ̀ka Ẹgbẹ́dá. Mo jókòó sórí àga tí mo ti ń wò láti ọjọ́ tí mo débẹ̀, ó rọ̀, ó ń yí, inú mi sì dùn sí i lóòótọ́. Àmọ́ tábìlì tó kọjú sí tèmi tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ní ọ́fíìsì. Tọ́sìdeé dé, èmi nìkan ni mo lọ sóko. Àlàájà béèrè ibi tó wà, mo ní Ẹgbẹ́dá.

Ó ní, "Ṣé òkè òkun ni Ẹgbẹ́dá wà ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ láti Mọ́níyà dé Ìwó Ròòdù, mo wọ òmíràn dé Ẹgbẹ́dá. Mo bá a lágbàlá, wọ́n ń já àpò oúnjẹ adìyẹ, irun ẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀nà o."

Mo ní, "Má pè mí lọ́gàá mọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè ọ́?"

"Ohun tí Àlàájà ń pè mí."

"Ìyàwó" nìkan ló sọ. Ọmọ Lálúpọn tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀!

Ó ti pẹ́ o. Àlàájà ti dàgbà, ọmọ ẹ̀ ló ń mójú tó oko báyìí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún mi ní ipò kan l'Ékòó, èyí tó ju gbogbo èyí tí mo ti dé lọ. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́ nílé, nítorí ọkọ mi ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù oògùn adìyẹ tiẹ̀ ní Ṣáṣá, ó sì ń tà dáadáa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Ṣé ó wù ẹ́?" Mo ní ó wù mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń béèrè bí èèyàn ṣe ń rí ṣọ́ọ̀bù gbà l'Ékòó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀, mo sì padà sínú ilé láìjẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́.