Àga Tó Kẹ̀yìn Sí Mi

Bàbá ọmọ mi wà nílùú òyìnbó. Èmi àti ọmọ nìkan la máa ń wọ mọ́tò láti Òṣogbo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Iléṣà. Àga ọmọ náà kọjú sẹ́yìn, kí bíréèkì òjijì má baà ṣe é lọ́rùn. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ẹ jà ni, tó fi kẹ̀yìn sí ọ?" Inú bí mi.

Nígbà tí mo fẹ́ padà, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn jù, kí n yí àga síwájú. Mo ti tú bẹ́líìtì kí n tó wo ẹsẹ̀ náà dáadáa. Àyè ṣì wà. Ojú èèyàn ni mo kàn fẹ́ máa rí nínú jígí.

Mo so àga padà bó ṣe wà, mo sì ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí a fi délé.